Kí lo máa mú bọ̀ láti ibi ìpàtẹ iṣẹ́ amòfin?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejì ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ òfin ọlọ́dún mẹ́ta ní yunifásítì kan ní England. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ sí ibi ìpàtẹ tí àwọn ilé iṣẹ́ amòfin ti máa ń wá bá àwa akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn. Mo yí gbogbo tábìlì ká, mo gba bírò mẹ́rìnlá àti báàgì mẹ́ta, mo sì padà sílé láìmọ ohun tí mo lọ ṣe. Ti ọdún yìí ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Báwo ni mo ṣe lè jẹ àǹfààní rẹ̀? Ṣé kí n tẹ CV lọ́pọ̀ yanturu dání ni? Ká sòótọ́, ẹ̀rù àtibá wọn sọ̀rọ̀ tún ń bà mí.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bírò mẹ́rìnlá yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi náà ṣa bírò nígbà tèmi. Nígbà tí mo wá di solicitor, ìyẹn lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà láti ọ́fíìsì, ọ́fíìsì rán mi lọ sí irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, èmi ni mo wá dúró lẹ́yìn tábìlì tí mo ń pín bírò. Mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó ń gbà, mo sì mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó ń fúnni. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé wọn kì í gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ níbẹ̀. Kò sí ìwé iṣẹ́ kankan nínú àpótí tí wọ́n gbé wá. Ohun tó níye lórí tí wọ́n gbé wá ni ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, tí wọ́n ti yọ̀ǹda fún láti fi wákàtí mẹ́ta mẹ́rin dáhùn ohunkóhun tí o bá bi wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni ọjà tí ò ń lọ rà. Tí o bá jáde níbẹ̀, tí kò sí ojú ewé mẹ́ta mẹ́rin tí o fọwọ́ ara rẹ kọ nínú ìwé kékeré kan, ọwọ́ òfìfo lo gbé bọ̀, báàgì ì báà kún dé ẹnu.

Ọdún tí o wà yìí sì kì í ṣe ọdún à ń fi nǹkan falẹ̀. Àwọn ọ́fíìsì ńláńlá ní London máa ń yan trainee wọn, ìyẹn àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ní bí ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó ku ọdún kan kó jáde ni wọ́n ń wá fún vacation scheme, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta tí wọ́n fi ń gbà ọ́ sí ọ́fíìsì kí wọ́n lè wò ọ́ wò, kí ìwọ náà lè wò wọ́n wò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń mú àwọn tí wọ́n máa fún ní training contract, ìyẹn àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ amòfin. Oṣù Kẹwàá tàbí oṣù Kọkànlá ni ìpàtẹ sábà máa ń bọ́ sí, fọ́ọ̀mù vacation scheme púpọ̀ sì máa ń tì láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìn-ín-ní. Ohun tí o bá gbọ́ lọ́jọ́ ìpàtẹ, kò ní pẹ́ oṣù méjì tí o fi máa nílò rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù yìí ni kó o fi ṣiṣẹ́. Yunifásítì yín máa gbé orúkọ àwọn tó ń bọ̀ jáde ṣáájú ọjọ́ náà. Jókòó tì í. Bí wọ́n bá jẹ́ ogójì, mú márùn-ún. Ó máa dà bíi pé ò ń fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun máa dé gbogbo tábìlì ogójì, ìkíni lásán ló máa kí wọn kiri. Fún ìkọ̀ọ̀kan nínú márùn-ún náà, fi ààbọ̀ wákàtí ka ohun tí wọ́n sọ nípa ara wọn, kí o tún fi ààbọ̀ wákàtí ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa wọn. Àwọn ìkànnì bíi Chambers Student àti Legal Cheek máa ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn trainee fúnra wọn. Ohun tí ọ́fíìsì kò ní fẹ́ kọ sójú ìwé ara rẹ̀, o lè rí i níbẹ̀.

Má kà á bí ẹni tó ń kàwé ìdánwò o. Ibi tó bá rú ọ lójú ni kó o máa fàlà sí. Training contract ọdún méjì ni. Ọ́fíìsì tó pọ̀ jù máa ń pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ̀ka kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n sì ń pe ìkọ̀ọ̀kan ní seat. Bí o bá kà á pé ọ́fíìsì kan ń rán trainee lọ jókòó ní ilé iṣẹ́ oníbàárà wọn fún oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n tí wọn kò sọ iye ẹni tó ń lọ tàbí bí wọ́n ṣe ń yàn wọ́n, ìbéèrè kan ti bí nìyẹn. Bí o bá rí i pé ọ́fíìsì kan ń gba ju ọgọ́rin trainee lọ́dún, tí èkejì ń gba mẹ́rin, má ṣe rò pé èyí tó ń gba mẹ́rin ló kéré níyì. Ohun tó yẹ kó o bi ara rẹ ni pé: nínú àwọn mẹ́rin, ta ló ń kọ lẹ́tà sí oníbàárà lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní? Nínú àwọn ọgọ́rin, oṣù mélòó ni wọ́n máa ń lò kí oníbàárà tó mọ orúkọ wọn? Ìdáhùn rẹ̀ kì í sí nínú ìwé. Ó wà lẹ́nu ẹni tó máa dúró níwájú rẹ lọ́jọ́ náà.

Kí n tó dé orí tábìlì, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àwọn tí o kò ní rí níbẹ̀, torí ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ. Owó ni wọ́n fi ń gba tábìlì níbi ìpàtẹ púpọ̀. Wọ́n á tún rán ènìyàn wá, wọ́n á san owó ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á tẹ àsíá. Ta ló lówó bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńlá ni. Lọ́yà tó ń gbèjà ọmọ tí ọlọ́pàá mú lóru, èyí tó ń bá ayálégbé já ìwé ìléjáde, èyí tó ń jà kí wọ́n má lé ènìyàn kúrò nílùú, púpọ̀ nínú wọn ń gbẹ́kẹ̀ lé legal aid, owó tí ìjọba fi ń san owó lọ́yà fún ẹni tí kò ní. Òfin LASPO tí wọ́n ṣe ní 2012, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin 2013, yọ ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kúrò lábẹ́ owó náà. Wọn kò rí owó gba tábìlì. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá wọ gbọ̀ngàn, á wo ọ̀tún wo òsì, á rò pé iṣẹ́ amòfin kò ju kí ilé iṣẹ́ máa ra ilé iṣẹ́ lọ.

Bí ọkàn rẹ bá ń fà sí ọ̀nà yẹn, lo ìpàtẹ fún ohun mìíràn: béèrè lọ́wọ́ àwọn olùdarí iṣẹ́ ní yunifásítì yín, tí wọ́n sábà máa ń ní tábìlì tiwọn ní igun kan tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí, pé láwọn ọdún tó ti kọjá, àwọn wo ló ti gba iṣẹ́ ní àwọn ọ́fíìsì kéékèèké àdúgbò. Béèrè ibi tí Law Centre tó sún mọ́ yín wà, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń fi òfin ran àwọn tí kò lówó lọ́yà lọ́wọ́. Láti 1970 tí wọ́n ti ṣí àkọ́kọ́ rẹ̀ ní North Kensington ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ń gba àwọn tó fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́. Àkókò tí o bá lò níbẹ̀, tàbí nínú clinic òfin yunifásítì yín, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fún aráàlú nímọ̀ràn òfin, lè wọ inú kíkà lẹ́yìn ọ̀la. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021, ètò SQE ti wà fún ẹni tó fẹ́ di solicitor ní England àti Wales: ìdánwò méjì, àti ọdún méjì iṣẹ́ òfin tí o lè kó jọ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mẹ́rin ó pọ̀ jù. Iṣẹ́ náà lè jẹ́ ti ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní solicitor tó máa fọwọ́ sí i, tàbí ẹni tó ń bójú tó títẹ̀lé òfin ní ọ́fíìsì yẹn. Nítorí náà, kí o tó bẹ̀rẹ̀ ni kó o ti béèrè ẹni tó máa fọwọ́ sí i, má dúró dìgbà tí ẹni náà bá ti kó lọ síbòmíràn.

SQE yìí tún bí ìbéèrè kan tí ojú kò gbọdọ̀ tì ọ́ láti bi gbogbo wọn: ta ló ń sanwó? Owó ìdánwò méjèèjì nìkan ti ń sún mọ́ £5,000, a kò tíì ka owó ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún un. Àwọn ọ́fíìsì ńlá máa ń san gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì fún ọ ní owó oúnjẹ. Àwọn kéékèèké, ó yàtọ̀ síra. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń ta ẹ̀kọ́ SQE náà máa ń ní tábìlì níbi ìpàtẹ, àwọn ni báàgì wọn máa ń dára jù. Gbọ́ tẹnu wọn, ṣùgbọ́n má fọwọ́ sí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Bí o bá rí training contract gbà, ọ́fíìsì rẹ lè ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tó fẹ́ kó o lọ.

Ó yá, ká wọ gbọ̀ngàn.

Lọ́dún kan, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ẹsẹ̀ ti ń ro mí. Ó ti tó ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ tó ti bi mí pé, "Ẹ̀ka wo lẹ ní?" Orúkọ àwọn ẹ̀ka náà wà lára àsíá tó dúró lẹ́yìn mi, lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju orí mi lọ. Àwọn kan bi mí pé, "Irú ènìyàn wo lẹ ń wá?" Mo fún wọn ní ìdáhùn tí a ti há sórí láti ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin kan wá dé. Kò wo èmi rárá, trainee tó dúró tì mí ló wò, ó ní, "Iṣẹ́ wo lo ṣe kẹ́yìn tí o kò fi tètè sùn?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ejìká rẹ̀ rọlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bọ́ táì fún. Ó sọ fún un pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà wọn ń ra ilé iṣẹ́ kan, gbogbo nǹkan ti parí, ó ku ojú ewé kan ṣoṣo tí ọ̀gá kan ní apá kejì máa fọwọ́ sí. Ọ̀gá náà wà nínú ọkọ̀ òfurufú. Iṣẹ́ tòun ni kí òun ní gbogbo ojú ewé tó níbuwọ́lù lọ́wọ́, kí òun máa fi wọ́n wéra pẹ̀lú àdéhùn, kí òun rí i pé orúkọ tó wà lábẹ́ ìlà bá orúkọ tó wà nínú ìwé mu. Aago mọ́kànlá alẹ́ kọjá kí ojú ewé náà tó wọlé. Ìgbà tó sì wọlé, ọ̀gá náà ti fọwọ́ sí ojú ewé tí kò yẹ kó fọwọ́ sí.

Ọmọbìnrin náà ní, "Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí o kò bá rí i?"

Mo gbàgbé ẹsẹ̀ mi. Èmi fúnra mi fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Trainee náà ní owó ì bá jáde ní báǹkì lórí àdéhùn tí ẹnì kan lè wá sọ lọ́la pé òun kò fọwọ́ sí. Wọ́n sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ọmọbìnrin náà dúpẹ́, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, ó fa ìwé yọ, ó ń kọ. Kò gba bírò.

Kí ló ṣe tó yàtọ̀? Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló béèrè, kì í ṣe ohun tí ọ́fíìsì jẹ́. Ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ kì í mọ bí òun ṣe máa dáhùn "báwo ni àṣà ọ́fíìsì yín?" àfi kó purọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ṣe lánàá. "Sọ ọjọ́ Tuesday tó kọjá fún mi, láti àárọ̀ dé alẹ́." "Ta ló ń yẹ iṣẹ́ rẹ wò, báwo ló sì ṣe máa ń dá a padà, ṣé ó máa ń kọ àlàyé sí i ni àbí ó kàn máa ń tún un ṣe fúnra rẹ̀?" "Seat wo lo béèrè tí wọn kò fún ọ?" Èyí tó kẹ́yìn yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, torí ojú ẹni náà á sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó sọ ọ́. Lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, bi í ní ẹyọ kan sí i lórí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ìbéèrè kejì yẹn ni ẹ̀rí pé etí rẹ wà níbẹ̀.

Mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn tábìlì kan náà, oríṣi ènìyàn mẹ́ta lè wà. Trainee mọ bí iṣẹ́ ṣe ń rí. Partner, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ni ọ́fíìsì, mọ ibi tí ọ́fíìsì ń lọ, àti ìdí tí wọ́n fi ṣí ẹ̀ka kan tàbí tí wọ́n pa òmíràn tì. Àwọn tó ń bójú tó ìgbanisíṣẹ́, tí wọn kì í ṣe lọ́yà lọ́pọ̀ ìgbà, ni wọ́n mọ fọ́ọ̀mù. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fo àwọn wọ̀nyí dá láti sáré lọ bá partner, àṣìṣe ńlá sì ni. Bi wọ́n pé níbo nínú fọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà, àti bóyá wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka fọ́ọ̀mù kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Ìdáhùn sí èkejì yẹn nìkan lè yí ọ̀sẹ̀ tí o máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ padà: ẹni tó bá ń gbà á bó ṣe ń dé, ipò lè ti kún lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Àwọn náà ni kó o bi léèrè físà, bí o bá nílò rẹ̀. Trainee kò ní mọ̀ ọ́n. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ wọ̀lú jáde lórí GOV.UK, ẹnikẹ́ni lè kà á. Yẹ márùn-ún rẹ wò níbẹ̀ kí o tó lọ. Ṣùgbọ́n àṣẹ lọ́wọ́ wọn kò ní kí wọ́n lò ó fún trainee. Torí náà, bí o ṣe máa béèrè rẹ̀ nìyí: "Mo rí i pé ẹ ní àṣẹ. Ǹjẹ́ ẹ ti fi gba trainee rí?" Má jẹ́ kó jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ, má sì jẹ́ kó jẹ́ èyí tí o kò ní lè béèrè.

Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn, èmi kò ní sọ fún ọ pé kí o má bẹ̀rù, kò wúlò. Mú tábìlì kan tí kò sí nínú márùn-ún rẹ, tí ọkàn rẹ kò fà sí rárá, kí o fi ìyẹn fọ ẹnu. Bó bá dàrú, kò ṣe ohunkóhun. Tètè dé, ní ààbọ̀ wákàtí àkọ́kọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn tábìlì pọ̀ ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ara wọn ṣì yá, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Láàárín ọ̀sán, èrò á dí ibẹ̀ pa. Ní ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn, wọ́n ti ń wo aago ọkọ̀ ojú irin, bó ti wù kí ẹ̀rín wọn dùn tó. Bí o bá bá ènìyàn mẹ́ta níwájú tábìlì, dúró, gbọ́ ìbéèrè tiwọn, kí o wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: "Mo gbọ́ tí o sọ pé ẹ̀ka yín kò ju ènìyàn mẹ́fà lọ..." O ti wọlé nìyẹn.

Ohun kan sì wà tí mo rí lára àwa ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé dáadáa. Trainee tó wà níwájú rẹ lè má ju ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, ìwọ á sì máa pè é ní "sir" ní gbogbo gbólóhùn. Ẹ̀kọ́ ilé ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ńṣe ló máa ń sọ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ di ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Orúkọ tó wà láyà rẹ̀ ni kó o pè é. Orúkọ tìrẹ náà, pè é tán, pè é díẹ̀díẹ̀, má ṣe gé e kúrú kí ahọ́n wọn lè rọrùn. Ẹni tó bá bi ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò ní tètè gbàgbé rẹ.

Ìgbà tí o bá kúrò nídìí tábìlì ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó o ti gbọ́ mi jù. Kí o tó lọ sí tábìlì tó kàn, wá òpó kan tàbí àtẹ̀gùn, kí o kọ̀wé fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kọ orúkọ ẹni náà àti ẹ̀ka tó wà. Kọ ohun kan tó sọ, ní ẹnu ara rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Kọ ohun tó yà ọ́ lẹ́nu, àti ohun tí o máa lọ yẹ̀ wò. Má sọ pé o máa kọ ọ́ nílé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo délé, tábìlì mẹ́jọ ti di ọbẹ̀ kan ṣoṣo lórí mi. Mo kọ fọ́ọ̀mù sí ọ́fíìsì kan, mo yìn wọ́n nítorí ẹ̀ka ọkọ̀ ojú omi wọn tí trainee wọn sọ fún mi. Wọn kò ní ẹ̀ka ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó wà ní tábìlì kejì ló ni ín. Lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ wọn dé láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó sì tọ́ sí mi.

Ibi tí àkọsílẹ̀ yẹn ń lọ ni ìbéèrè tí kò sí fọ́ọ̀mù tí kò ní in: kí ló dé tó jẹ́ àwa lo yàn? Mo ti ka èyí tó pọ̀ nínú ìdáhùn sí i. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni, "Mo pàdé Lágbájá níbi ìpàtẹ yunifásítì wa, ó sì wú mi lórí bí ọ́fíìsì yín ṣe ń gba tọmọdé tàgbà mọ́ra." Ohun tí ìyẹn fi hàn ni pé o mọ̀ ọ́n rìn dé gbọ̀ngàn. Orúkọ ènìyàn nìkan kò já mọ́ nǹkan kan nínú fọ́ọ̀mù. Ohun tó sọ, àti ohun tí ìwọ fi ṣe, ni à ń wá. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fọ́ọ̀mù rẹ̀ dé orí tábìlì mi lẹ́yìn oṣù méjì. Ó kọ ọ́ pé trainee wa sọ fún òun nípa ojú ewé kan tó dé lóru tí ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀ kò tọ́, pé òun lọ kà nípa ohun tó ń sọ àdéhùn di èyí tó dúró lábẹ́ òfin, àti pé òun máa ń ka owó ọjà lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù bá ti tì níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ìparí ọ̀sẹ̀, torí náà òun mọ irú ìtẹ́lọ́rùn tó wà nínú kí ènìyàn tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta kó sì rí kọ́bọ̀ tó sọnù. Gbólóhùn mẹ́rin péré ni. A pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

CV wàyí. Má tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn ọ́fíìsì ńlá kì í gba iṣẹ́ lọ́nà mìíràn ju fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. CV tí wọ́n bá já lé wa lọ́wọ́ níbi ìpàtẹ, a máa ń fi ẹ̀rín gbà á ni, kì í dé ibì kankan. Mú ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta dání nítorí àwọn ọ́fíìsì kéékèèké, tí ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì lè jẹ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀, kó sì sọ pé òun fẹ́ rí i. Bí kò bá béèrè, má yọ ọ́.

Láàárín ọjọ́ méjì, kọ̀wé sí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yín wọ̀ jù, lórí LinkedIn tàbí lórí ímeèlì bí wọ́n bá fún ọ. Kó má ju ìlà mẹ́ta mẹ́rin lọ. Dúpẹ́, dárúkọ ohun kan pàtó tí ẹ sọ, sọ ohun tí o ti ṣe sí i láti ìgbà yẹn. "O sọ fún mi pé kí n ka ìdájọ́ kan lórí owó ilé tí ayálégbé ń san, mo ti kà á, ibi tí adájọ́ ti sọ̀rọ̀ nípa àtúnṣe òrùlé ni ó yà mí lẹ́nu jù." Má béèrè iṣẹ́. Má béèrè pé kó bá ọ ka fọ́ọ̀mù. Bó bá dáhùn, tí oṣù kan wá kọjá, tí ìbéèrè gidi kan sì wà, ìgbà yẹn lo lè tún kọ.

O kò béèrè nípa barrister, ìyẹn lọ́yà tó ń dúró rojọ́ ní kọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà níbẹ̀, yà kí wọn, torí wọn kì í pọ̀. Barrister tó ń ṣiṣẹ́ ní England àti Wales kò ju bí 18,000 lọ, nígbà tí solicitor ju 150,000 lọ, nítorí náà tábìlì wọn lè má ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nínú gbogbo gbọ̀ngàn. Wo bóyá ọ̀kan nínú Inn mẹ́rin wọn wá, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ barrister: Lincoln's Inn, Inner Temple, Middle Temple tàbí Gray's Inn. Kò sẹ́ni tó ń di barrister láì wọ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì máa ń fúnni ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ (scholarship). Inner Temple náà ni Christopher Sapara Williams ti gba àṣẹ ní 1879, tó di lọ́yà àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Ohun kan ni kó o béèrè lọ́wọ́ wọn: bí wọ́n ṣe ń rí mini-pupillage, ìyẹn ọjọ́ díẹ̀ tí o máa fi tẹ̀ lé barrister kan kiri kọ́ọ̀tù. Tí o bá ṣe ẹyọ kan, o máa mọ̀ bóyá ó wù ọ́ láti máa dúró sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ tí inú rẹ̀ kò dùn.

Aṣọ: kó mọ́, kó lọ̀, kó má fún ọ lọ́rùn. Bàtà tí o lè fi dúró fún wákàtí mẹ́ta. Bírò, gba ẹyọ kan ṣoṣo bí tìrẹ bá gbẹ. Mú ìwé kékeré tó ní ẹ̀yìn líle, torí àtẹ̀gùn kì í ní tábìlì.